Ẹ má fọ́mátì kọ̀ǹpútà yẹn o, dáyálọ́ọ̀gù ló sá pamọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú wàhálà ìwé ìròyìn wa. Mi ò fẹ́ bá yín jà rárá, èmi tó jẹ́ pé mo máa ń ra ìwé ìròyìn yín kí n tó ra búrẹ́dì àárọ̀, àmọ́ ohun tí mo kà lójú ewé kọ̀ǹpútà lọ́sẹ̀ tó kọjá ò jẹ́ kára mi balẹ̀. Òǹkàwé kan ló kọ̀wé sí yín pé pírógíráàmù tóun fi ń kọ ọjà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òun ti dákú, pé ibi yòówù tóun bá tẹ̀ lójú wíńdò ẹ̀, "tíń" ló kàn ń dún, kò gbọ́ bọ́tìnnì kankan, kò sì ṣeé tì, kò sì funfun, bẹ́ẹ̀ àwọn nǹkan yòókù nínú kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ wọn lọ. Ni ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè bá ní fáìrọ́ọ̀sì ni, kó lọ fọ́mátì kọ̀ǹpútà kó gbé Windows tuntun sí i. Háà! Orí bíbẹ́ mà kọ́ loògùn orí fífọ́ o.

Kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi nìyẹn. Pírógíráàmù orí Windows ni mò ń kọ fáwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àtàwọn oníṣọ́ọ̀bù níbí n'Íbàdàn, C++, èdè kọ̀ǹpútà kan, ni mo fi ń kọ ọ́, àwọn ọmọ tuntun máa ń fi mí rẹ́rìn-ín pé bàbá ẹ lọ kọ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì jàre. Àmọ́ dátà wọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dúró sójú kan, akápò tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ èèyàn ogójì láàárọ̀ Mọ́ńdè ò lè jókòó máa wo àmì kékeré tó ń yí po lójú síkírínì. Ohun tó wà lórí dísìkì kọ̀ǹpútà ẹ̀ ló máa gbọ́ tiẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ti rí oríṣiríṣi dáyálọ́ọ̀gù tó ṣàìsàn, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn, èmi fúnra mi ni mo bí i.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé "tíń" yẹn, torí kì í ṣe àìsàn, ọ̀rọ̀ ni. Àpótí kékeré tó máa ń yọ sójú kọ̀ǹpútà pé ṣé kí n tọ́jú iṣẹ́ yìí, tó ní OK àti Cancel nídìí, tàbí fọ́ọ̀mù kékeré tẹ́ ẹ ti ń kọ orúkọ àti iye owó, òun là ń pè ní dáyálọ́ọ̀gù. Bọ́tìnnì inú ẹ̀, ibi tá à ń kọ nǹkan sí, ibi tá a ti ń mú ọ̀kan nínú méjì, ìyẹn là ń pè ní kọ́ńtírò. Dáyálọ́ọ̀gù tó bá jẹ́ modal, gbàrà tó bá ti ṣí, Windows á ti wíńdò ńlá tó wà lẹ́yìn ẹ̀ pa, kò ní gbọ́ máòsì, kò ní gbọ́ kíbọ́ọ̀dù, títí ẹ ó fi dá àpótí kékeré yẹn lóhùn. Tẹ́ ẹ bá wá fipá tẹ wíńdò ńlá, á dún "tíń", ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kì í ṣe èmi lẹ máa bá sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ lọ dá ẹni iwájú lóhùn. Ẹni iwájú wá dà? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Mo ní kasitọ́mà kan, màmá akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ wọn. Àárọ̀ Mọ́ńdè kan ni wọ́n pè mí, ohùn wọn ti yí padà.

"Ọmọ mi, máa bọ̀ o, ẹ̀rọ ẹ ti ya wèrè, bí mo ṣe ń fọwọ́ kàn án ló ń pariwo mọ́ mi."

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á o, ẹ má tẹ nǹkan kan mọ́, mò ń bọ̀."

Nígbà tí mo máa débẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì wọn ti jókòó síwájú lápútọ́ọ̀pù, ó ti ní ₦15,000 lòun máa gbà fi fọ́mátì ẹ̀. Àkáǹtì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló wà lórí dísìkì yẹn o, ẹ̀dà tí wọ́n sì ṣe gbẹ̀yìn, àtìgbà Iléyá ni. Mo bẹ ọmọkùnrin yẹn kó dìde, mo ní kó jẹ́ n wò ó ná.

Mo tẹ bọ́tìnnì kan, "tíń". Mo tẹ òmíì, "tíń". Mo wá ki fláṣì mi bọ̀ ọ́, mo ṣí Spy++, irinṣẹ́ kan ni, ó máa ń bá Visual Studio tá a fi ń kọ pírógíráàmù wá, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju pé kó to gbogbo wíńdò tó wà láàyè nínú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún ẹ, èyí tójú rí àtèyí tójú ò rí. Mo yí i lọ sílẹ̀ díẹ̀, mo bá rí i: class ẹ̀, ìyẹn irú wíńdò tó jẹ́, ni #32770, orúkọ tí Windows ń pe dáyálọ́ọ̀gù nìyẹn, àkọlé ẹ̀ ni "Gba Owó", ó ní òun wà láàyè, òun ò sì fara pamọ́, ibi tó wà ni (2104, 212) dé (2588, 560), nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú méjì-méjì yẹn ni iye píksẹ́lì, ìyẹn ẹ̀kán tíntìntín ojú síkírínì, láti ọwọ́ òsì. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Síkírínì lápútọ́ọ̀pù màmá, 1366 ló fẹ̀ mọ. Àpótí yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 2104. Ìta gbangba ló wà, ó ń dúró de ẹni tó máa dá a lóhùn níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè rí i.

Mo bi màmá pé kí ni wọ́n fi lápútọ́ọ̀pù yìí ṣe lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ìpàdé ọdọọdún ni àwọn ṣe lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n so ó mọ́ pírójẹ́kítọ̀ káwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè rí àkáǹtì lára ògiri, ẹnì kan bá wọn wọ́ fọ́ọ̀mù "Gba Owó" lọ sójú pírójẹ́kítọ̀. Ó tán. Pírógíráàmù mi gbọ́n nínú àgọ̀, ó máa ń rántí ibi tí fọ́ọ̀mù wà nígbà tí wọ́n tì í kẹ́yìn, kó lè ṣí i síbẹ̀ lẹ́ẹ̀míì. Wọ́n ti dá pírójẹ́kítọ̀ padà fún ẹni tó yá wọn, pírógíráàmù ò mọ̀, ojú ògiri ọjọ́ Sátidé ló ṣì ń ṣí fọ́ọ̀mù sí.

Mo ní kí màmá fúnra wọn tẹ Alt mọ́ Space, kí wọ́n tẹ M, kí wọ́n tẹ ọfà tó kọjú sósì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n rọra mú máòsì bọ̀. Ni fọ́ọ̀mù bá yọ wọlé láti ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni tó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá pariwo, "Yéè! Ibo nìyí ti ń bọ̀?" Ọmọkùnrin tó fẹ́ fọ́mátì ò sọ nǹkan kan, ó kó ẹrù ẹ̀.

Ta ló jẹ̀bi? Èmi ni. Mo fi àṣẹ Windows tó ń jẹ́ GetWindowRect mú ibi tó wà, mo kọ ọ́ pamọ́, nígbà tí mo fẹ́ ṣí i mo kàn lo SetWindowPos láìwo ọ̀tún wo òsì. Ìlà mélòó kan ló tún un ṣe: kó o tó gbé fọ́ọ̀mù síbi kan, fi MonitorFromRect bi Windows pé ṣé síkírínì kankan wà níbẹ̀, sọ fún un pé MONITOR_DEFAULTTONULL, ìyẹn ni pé kó má fi síkírínì míì rọ́pò, tó bá ti dáhùn NULL, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, gbé fọ́ọ̀mù ẹ sáàárín. Ẹni tó bá fẹ́ ìrọ̀rùn ju ìyẹn lọ, kó fi GetWindowPlacement tọ́jú ẹ̀ kó fi SetWindowPlacement dá a padà, torí ìyẹn tó bá rí i pé wíńdò náà máa bọ́ síta pátápátá, á fà á padà wọlé fúnra ẹ̀. Àtìgbà náà ni mi ò ti gbọ́ "tíń" lọ́dọ̀ màmá mọ́. Wọ́n fún mi ní mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin lọ́jọ́ yẹn, mo jẹ ẹ́ tìtìjú-tìtìjú, torí mo mọ ẹni tó bá wọn da omi sínú epo.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé jáde nìyẹn, olóòtú. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní pírógíráàmù ti dákú, kò dákú, dáyálọ́ọ̀gù kan ló ṣí síbi tójú ò tó, tàbí ọ̀kan ló kọ̀ tí ò ṣí rárá tí ẹni tó kọ kóòdù ò sì bi í pé kí ló dé. Ọwọ́ àwa tá a kọ ọ́ ni ẹjọ́ wà, ẹ̀rọ ò mọwọ́ mẹsẹ̀, oníbàárà tó ń lò ó ò mọwọ́ mẹsẹ̀ pẹ̀lú.

Ti èyí tó kọ̀ tí ò ṣí gan-an ló ti fẹ́ẹ̀ pa mí rí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ló ní òun fẹ́ máa kọ àkíyèsí sábẹ́ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, kóun lè sọ ọ̀rọ̀ kan di dúdú kóun sì fi pupa kọ ti ẹni tó jẹ gbèsè. Mo ní kékeré nìyẹn. Mo wọ́ kọ́ńtírò tó ń jẹ́ Rich Edit sínú fọ́ọ̀mù, mo kọ́ ọ pọ̀, kò sí àṣìṣe kankan, mo tẹ bọ́tìnnì tó yẹ kó ṣí fọ́ọ̀mù. Kẹ́kẹ́ pa. Kò dún, kò pariwo, kò ṣí. Òru ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a. Mo rò pé bọ́tìnnì ni, mo fi ibi ìdádúró sí WM_COMMAND, iṣẹ́ tí Windows ń rán tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, ó débẹ̀. Mo rò pé nọ́ńbà fọ́ọ̀mù ni mo ṣì, mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó pé. Ìyàwó mi ní kí n wá sùn, mo ní mò ń bọ̀, ọ̀rọ̀ àwa oníkóòdù náà nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó wo ìlà tí mo fi pe DialogBoxParam, àṣẹ tó ń ṣí dáyálọ́ọ̀gù, dáadáa. Mo pè é, mi ò sì dúró gbọ́ èsì. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá rán ọmọ, tó padà dé tẹ́ ẹ ò bi í pé kí ni wọ́n wí, irú ẹ̀ ni mo ṣe. Mo wá fi nǹkan gba èsì ẹ̀: -1. Ìyẹn ni pé kò lè ṣí i. Mo pe GetLastError, èyí tó ń sọ ohun tó fa àṣìṣe, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ní 1407, ìyẹn ni pé òun ò rí class wíńdò tí mo dárúkọ. Ṣé ẹ rí i, bọ́tìnnì àti àpótí ìkọ̀wé lásán, ọmọ ilé ni wọ́n, Windows mọ̀ wọ́n láìjẹ́ pé ẹ júwe wọn. Rich Edit ń gbé níta. Èyí tó wà nínú fáìlì mi ń jẹ́ RichEdit20W, inú fáìlì Windows tó ń jẹ́ Riched20.dll ló ń gbé, èyí tó dé lẹ́yìn ẹ̀ tó ń jẹ́ RICHEDIT50W, inú Msftedit.dll ni tiẹ̀. Àfi kó o fi LoadLibrary gbé e wọlé kó o tó ṣí fọ́ọ̀mù. Ìlà kan! Òru mẹ́ta lórí ìlà kan. Ohun tó tún wá mú un burú ni pé tí kọ́ńtírò ẹyọ kan bá kọ̀ nínú fọ́ọ̀mù tó ní kọ́ńtírò ogún, gbogbo fọ́ọ̀mù ni ò ní ṣí, kò ní sọ fún ẹ pé ti ibi báyìí ni. Ọgbọ́n tí mò ń dá báyìí ni pé mo máa ń fi DS_NOFAILCREATE sí sítáìlì fọ́ọ̀mù nígbà tí mo bá ń wá àìsàn, ìyẹn á fipá ṣí i bó ti wù kó rí, ihò á wá wà níbi tí kọ́ńtírò tó kọ̀ yẹn yẹ kó wà, mo á kàn wo ihò yẹn ni. Àmọ́ mi ò ní fi ránṣẹ́ sí oníbàárà bẹ́ẹ̀ o. Ẹ tún ṣọ́ra fún òdo: tí wíńdò ńlá tẹ́ ẹ fún un pé òun ló ni fọ́ọ̀mù ò bá sí mọ́ tàbí tí nọ́ńbà ẹ̀ ò dára, 0 ló máa dá padà, kì í ṣe -1.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń sọ pé kí ló kàn wá nínú kóòdù, ẹ jẹ́ n sọ èyí tó fẹ́ẹ̀ ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà ilé ni. Mo kọ ọ́ pé tí wọ́n bá tẹ "Tọ́jú", kí àpótí kékeré yọ bi wọ́n pé "Ṣé owó yìí ti wọlé?" Ibi tó yẹ kí n ti sọ wíńdò tó ni àpótí yẹn fún MessageBox, àṣẹ tó ń gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ yọ, mo fi NULL síbẹ̀ torí pé mò ń kánjú. Àpótí tí ò ní wíńdò tó ni ín ò lè ti wíńdò kankan pa, kò sì sí ohun tó ní kó dúró síwájú ẹni kankan. Ọmọ tó ń tajà tẹ "Tọ́jú", àpótí yọ, kasitọ́mà pè é, ó tẹ ojú wíńdò ńlá kó fi wo iye, àpótí sá sẹ́yìn. Ó wo iwájú ẹ̀, kò rí ìbéèrè kankan, ó tún tẹ "Tọ́jú". Ìkejì yọ, ó tún sá sẹ́yìn. Ó tẹ ẹ̀kẹta. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tó fẹ́ tilé, ó sọ wíńdò ńlá sílẹ̀ (minimize), ló bá rí àpótí mẹ́ta tò jọ, gbogbo wọn ń bi í pé ṣé owó ti wọlé, ó dá gbogbo wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọjà ₦42,500 kan ṣoṣo di mẹ́ta nínú ìwé. Ọ̀gá ka owó, owó dín ní ₦85,000. Wọ́n ti ń pe ọmọ yẹn lólè, wọ́n ti ní àwọn máa yọ ọ́ nínú owó oṣù ẹ̀, kí n tó débẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí mo rí àkókò tí wọ́n fi wọlé, tẹ̀léra-tẹ̀léra, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló wà láàárín wọn. Mo kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá ẹ̀. NULL ni mo pa rẹ́, mo fi hwnd, ìyẹn nọ́ńbà wíńdò ńlá, síbẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin sí mẹ́rin.

Irú èyí pọ̀ tí mo bá ní kí n máa kà á. Ti fọ́ọ̀mù tí akápò tẹ "Obìnrin" tí "Ẹ̀yáwó" tó ti mú tẹ́lẹ̀ yọ kúrò fúnra ẹ̀, torí pé mo gbàgbé láti fi Group, àmì pé ìdì tuntun bẹ̀rẹ̀ níbí, sí ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdì kejì, Windows wá ka bọ́tìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ọmọ ìyá kan náà, pé ẹyọ kan ló gbọ́dọ̀ wọlé nínú wọn. Ẹni tó bá ń lo Visual Studio, kó ṣí fọ́ọ̀mù ẹ̀ kó tẹ Ctrl àti D, á rí nọ́ńbà lórí kọ́ńtírò kọ̀ọ̀kan, tí nọ́ńbà wọn ò bá tẹ̀ léra, Group yẹn ò ní gbọ́ tiẹ̀. Ti Enter náà wà. Èèyàn tó ti fi kákúlétọ̀ dàgbà, tó bá kọ iye tán ọwọ́ ẹ̀ á lọ sórí Enter, fọ́ọ̀mù á sì pa dé mọ́ ọn lójú láìtíì kọ orúkọ, torí Enter lọ́dọ̀ dáyálọ́ọ̀gù, OK ni, ìyẹn IDOK tó jẹ́ 1, Escape sì ni IDCANCEL tó jẹ́ 2, ẹ fi bọ́tìnnì OK síbẹ̀ o, ẹ ò fi síbẹ̀ o. Mo kúkú ti rí ẹni tó yọ bọ́tìnnì OK kúrò pátápátá kó má bàa ṣẹlẹ̀, ó tún ṣẹlẹ̀ sí i.

Nǹkan ọ̀hún kì í ṣe ti àná. Oṣù kọkànlá ọdún 1985 ni Windows àkọ́kọ́ jáde, dáyálọ́ọ̀gù sì ti wà nínú ẹ̀ látìgbà náà, ó ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ kóòdù lónìí lọ lọ́jọ́ orí. Ó jọ pé ìyẹn ló fà á tí kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn ní ti tòótọ́ mọ́, wọ́n á ní ó ti gbó, bẹ́ẹ̀ òun ni báǹkì, ilé ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀bù ṣì ń tẹ̀ láràárọ̀.

Ibi tó dùn mí jù rèé, torí èdè wa ló kàn. Oníṣọ́ọ̀bù kan ní Yorùbá lòun fẹ́ kí orúkọ ọjà òun jẹ́, inú mi dùn, mo ní ẹ jẹ́ ká ṣe é. A kọ "iṣu", ó di "i?u". A kọ "ọjà", ó di "?jà". A wá kọ "ọṣẹ", ó di "???". Gbogbo ọ̀rọ̀ náà pátá! Oníṣọ́ọ̀bù wò mí, ó ní ṣé kọ̀ǹpútà ń bi òun ní ìbéèrè ni. Ohun tó fà á ni pé GetDlgItemTextA ni kóòdù mi àtijọ́ fi ń ka ohun tí wọ́n kọ sínú àpótí, èyí tó ní A nídìí yẹn, tábìlì lẹ́tà kékeré kan ló ń lò, 1252 ló ń jẹ́ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà wa, tábìlì yẹn mọ à, ó mọ é, ó mọ ò, àmọ́ kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Èyí tí ò bá mọ̀, á fi àmì ìbéèrè dí i. Kì í ṣe pé Windows ò mọ Yorùbá o, látìgbà Windows NT ọdún 1993 ni Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà oríṣiríṣi èdè ní nọ́ńbà, ti wà níbẹ̀. Èyí tó ní W nídìí ni ká máa lò, GetDlgItemTextW, SetDlgItemTextW, títí dórí ibi tá à ń kọ ọ́ pamọ́ sí. Tí ìpele kan ṣoṣo bá ṣì jẹ́ A láàárín, gbogbo ẹ̀ á padà di àmì ìbéèrè.

Mo rò pé ó ti tán. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù fi fọ́tò rìsíìtì kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, àwọn kasitọ́mà ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Bátìrì ọkọ" ló wà níbẹ̀. Bátìrì ọkọ tani! Ohun tó kọ ni "Bátìrì ọkọ̀". Lẹ́tà mẹ́wàá ni mo ní kí àpótí yẹn gbà, torí ìwé rìsíìtì tẹ́ẹ́rẹ́ ni, mo fi EM_LIMITTEXT sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ fojú kà á, tẹ́ ẹ bá ka àlàfo mọ́ ọn, mẹ́wàá géérégé ni. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ò fojú kà á bíi tiwa. Ọ tó ní àmì lórí, ohun méjì ló kà á sí, ọ ní tiẹ̀, àmì ohùn ìsàlẹ̀ ní tiẹ̀, torí kò sí ẹyọ kan nínú Unicode tó so ọ àti àmì ohùn pọ̀. Mọ́kànlá ló kà. Ó gba mẹ́wàá, ó ti àmì ìkẹyìn síta, ọkọ̀ bá di ọkọ. Ẹni tó ń kọ dáyálọ́ọ̀gù fún Yorùbá, tó bá rò pé lẹ́tà ogún tó, kó fi ogójì síbẹ̀.

Wọ́n tún máa ń kọ ọ́ lóríṣi méjì. Kíbọ́ọ̀dù kan á kọ ọ bí ẹyọ kan, òmíì á kọ o lásán á wá fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, lójú wa bákan náà ni, nínú àpótí ìwárí kò jọra rárá, wọ́n á wá "ọjà" wọn ò ní rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú wọn. NormalizeString ni mò ń gbé gbogbo ohun tó bá jáde látinú àpótí gbà kí n tó tọ́jú ẹ̀, mo ní kó fi NormalizationC ṣe é, ìyẹn ni kó so lẹ́tà àti àmì pọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, Windows Vista ló bá a dé. Mo bá ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ ọ́, wọ́n ní ta ló ń fi Yorùbá kọ ọjà. Mo ní àwọn kasitọ́mà tiyín ni wọn ò bi yín ni, abí ẹ ò gbọ́.

Kí n má ṣe ojúsàájú sí ẹni tó dá òǹkàwé yẹn lóhùn, kì í ṣe gbogbo ìdákú ni dáyálọ́ọ̀gù tó sá pamọ́. Tó bá jẹ́ pé wíńdò náà funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún, tí wọ́n kọ "Not Responding" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀ lókè, ìyẹn yàtọ̀, ìyẹn ni pé ó ti lé ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tí pírógíráàmù ò ti gba ìwé tí Windows ń kọ sí i, nígbà míì iṣẹ́ ńlá ni ẹni tó kọ ọ́ kó sí ìdí bọ́tìnnì, bí ẹní ní kó ka gbogbo àkáǹtì ọdún márùn-ún kó tó gbójú sókè. Ìyẹn kì í dún "tíń". Ti òǹkàwé yín ń dún, ó sì ní kò funfun. Ẹ tún ìbéèrè ẹ̀ kà, ó wà níbẹ̀ kedere.

Nítorí náà, olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé èyí jáde kíá, kó tó lọ fọ́mátì ẹ̀. Ẹ sọ fún un kó kọ́kọ́ sọ gbogbo wíńdò yòókù sílẹ̀ (minimize) kó wò bóyá àpótí kan wà lẹ́yìn. Tí kò bá sí, kó padà sórí pírógíráàmù yẹn, kó tẹ Alt mọ́ Space, kó tẹ M, kó tẹ ọfà òsì lẹ́ẹ̀kan, kó wá mú máòsì bọ̀ láàárín. Tí fọ́ọ̀mù bá yọ wọlé, kó dá a lóhùn, kó wá pe ẹni tó bá a kọ pírógíráàmù náà kó sọ ìgbà tóun so pírójẹ́kítọ̀ tàbí tẹlifíṣọ̀n mọ́ kọ̀ǹpútà yẹn gbẹ̀yìn fún un. Tó bá sì ti fọ́mátì ẹ̀ lóòótọ́, kó tó fi Windows tuntun kọ nǹkan kan lé dísìkì yẹn lórí, kó pa á, kó má tàn án mọ́, kó gbé e fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ fáìlì padà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn